Iṣu Tí Mo Jẹ́ Kí Ìyá Mi Sá Sórí Títì Bàálù

Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá gbodo, iṣu tí a fi ń ṣe èlùbọ́, sétí títì tó kọjá níwájú ilé mi. Àwọn ọmọ mi ní orí mi ti gbóná jù, pé títì ìjọba ni, kí ló kàn mí níbẹ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ṣáà kó o kúrò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bínú sí iṣu tí kò ṣẹ̀ mí, nítorí ó rọrùn ju kí n bínú sí ara mi lọ.

Nígbà náà, mo ń ṣe iṣẹ́ kan tí ẹlòmíì ò ṣe rí ní Àgọ́-Àrẹ. Ọlọ́lá kan ló la títì bàálù sínú oko rẹ̀, láàrin ìlú wa àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó sì da ọ̀dà sí i dáadáa. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ò wá mọ́, ló bá gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa bàálù kéékèèké, èyí tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń wá. Bí wọ́n ṣe ń bà sílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ jù níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ pé kò sí ìjàngbọ̀n lójú sánmà, pé ilẹ̀ ló ń pa bàálù.

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ọmọkùnrin kan bà, bàálù ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó tún bà, ó tún ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òmíràn ya kúrò lórí títì, ó wọ inú koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, mo sì ṣépè fún un lábẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí. Òmíràn tẹ bíréèkì títí táyà fi bẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá fi imú bàálù gún ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kán sí méjì. Àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà bá kọ̀wé wá pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá tún ba bàálù jẹ́, kí ó di ẹrù rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé nìyẹn. Ọ̀gá ka ìwé náà sí wọn létí lábẹ́ igi irú. Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn pé mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Iṣẹ́ tèmi ò le. Títì náà yọ gegele láàrin, débi pé ẹni tó bá dúró níhà kan kò lè rí ìhà kejì. Àgọ́ páànù tí ọ̀gá máa ń dúró sí pẹ̀lú rédíò wà níhà ti ìlú wa. Ìhà kejì kọjú sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, igbó ni, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi á wá dúró lórí gegele náà, á jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ń rí ìhà méjèèjì. Bí bàálù bá fẹ́ bà, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì. Bí màlúù bá wà lójú ọ̀nà, tàbí èèyàn, tàbí igi, màá gbé àsíá pupa sókè. Bí ọ̀nà bá dá, màá gbé ti aláwọ̀ ewé, ọ̀gá á sì sọ fún ẹni tó wà lókè pé kó máa bọ̀. Ojú mi ni wọ́n fi ń ríran. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ náà fi ń pè mí ní Bàbá Alásìíá.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ti kú, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Láàárọ̀, pẹ̀lú bàtà ńlá tó máa ń wọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, tí àwọn ọkùnrin inú wọn á kàn máa juwọ́ sí mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ìyá mi máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn. Ọmọ náà á gba igbá lórí wọn, á bi wọ́n léèrè eékún wọn. Ìyá mi ń pè é ní ẹyẹ mi. Wọ́n á ní, "Ẹyẹ mi, ṣé o jí dáadáa?" Á dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, Ìyá.

Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé wa tí gbogbo agbo ilé ti ń sá gbodo láti ayé àwọn bàbá wa, kálukú ló sì mọ ojú ibi tirẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni àwọn tó ń fọ́ òkúta dé sórí àpáta náà pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Eruku gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá mi ti bẹ iṣu, wọ́n ti bọ̀ ọ́, kò sí ibi tí wọ́n máa sá a sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá mọ gbodo mọ̀ pé bí oòrùn ò bá tètè lù ú, ó máa bu ni. Àwọn kọ́ ló bẹ̀ mí. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, pé mo ní títì kan níkàáwọ́ tó mọ́ ju àpáta lọ. Mo fẹ́ ṣe bí ọkùnrin lójú ìyá mi. Wọ́n bi mí bóyá àwọn oníbàálù ò ní bínú. Mo ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ta ló máa bínú?

Ọjọ́ tí wọn kì í bá fò ni Ìyá mi máa ń wá sá a, ní ìpẹ̀kun títì níhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó lọ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, ọyẹ́ mú láàárọ̀ débi pé èèyàn ò rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀gá sì ní kò sí fífò. Mo ránṣẹ́ sí Ìyá mi. Wọ́n dé, wọ́n tẹ́ iṣu wọn, ó funfun lọ lórí ọ̀dà. Àfi bó ṣe di ọ̀sán tí ojú ọjọ́ là pérépéré, tí ọ̀gá ní ká ṣí ilẹ̀kùn bàálù, pé ọmọbìnrin náà máa dá a fò lónìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun nìkan máa wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó rìn kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ gbàdúrà fún mi o." Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

Ó yẹ kí n sáré lọ sọ fún Ìyá mi kí wọ́n kó iṣu wọn nígbà náà. Mi ò lọ. Ìdí tí mo fi dá ara mi láre ni pé láti ìhà àgọ́ ni afẹ́fẹ́ ti mú kí wọ́n máa bà lọ́jọ́ náà, bàálù á sì ti dúró tipẹ́ kó tó débi tí iṣu wà. Lóòótọ́, ó bà lẹ́ẹ̀kan, ó bà lẹ́ẹ̀kejì, ó bà wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ sórí ẹní. Ọ̀gá ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí. Ọ̀gá sọ fún un nínú rédíò pé kó yípo, kó gba ìhà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọlé, ó sì nawọ́ sí mi pé kí n yẹ ibẹ̀ wò.

Mo wò ó. Mo rí iṣu. Mi ò rí Ìyá mi, nítorí wọ́n ti bọ́ sábẹ́ igi nínú igbó láti kírun Àílà. Àsíá méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé pupa, ọ̀gá máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá wo ohun tó wà lójú ọ̀nà, gbodo ìyá Alásìíá ló sì máa bá níbẹ̀, iṣẹ́ mi parí nìyẹn, ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Mo sọ nínú mi pé ìpẹ̀kun títì níbẹ̀yẹn ni iṣu wà, pé bàálù kì í fẹsẹ̀ kan ìpẹ̀kun gan-an, pé orí rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Mo gbé ti aláwọ̀ ewé sókè.

Ẹ wò ó, bí ariwo òjò bá dún, kò sí obìnrin Òkè-Ògùn tó ní gbodo níta tó máa jókòó. Ohun tó bá ń ṣe, á fi í sílẹ̀, á sáré lọ kó o. Ìyá mi gbọ́ ariwo bàálù tó ń bọ̀ láti ìhà tí kò ti máa ń wá, wọ́n sálámà, ni wọ́n bá sáré jáde láti inú igbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí iṣu wọn pẹ̀lú agbọ̀n. Bàálù ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá orí igi. Mo pariwo, ta ni yóò gbọ́? Mo rí i tí ọmọ náà fa imú bàálù sókè lójijì. Ó gba orí Ìyá mi kọjá, wọ́n sì da ikùn délẹ̀ láàrin iṣu.

Kò bà títí ó fi kọjá gegele tí mo wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fi kan ilẹ̀, títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, eré sì pọ̀ lára rẹ̀. Mo gbọ́ bí táyà ṣe ń ké. Ó jáde lórí ọ̀dà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, ó lọ fi apá kọ lu òkìtì ọ̀gán kan, ó yí bírí, ó sì dojú bolẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Ìhà tí bàálù wà kọ́ ni mo sá lọ. Mo sá lọ bá Ìyá mi. Ẹ lè ní ìyá ẹni nìyá ẹni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti jókòó, kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju eruku lọ, àwọn gan-an ló ń tì mí pé, "Ọmọ ọlọ́mọ dà? Lọ wò ó!" Mo ní ká kó iṣu ná. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kó iṣu sínú agbọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èyí tó fọ́ pàápàá ni mò ń ṣa, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí eérún rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó gba ẹ̀mí ìyá mi là ṣì wà nínú páànù tó ká mọ́ ọn, èmi ń ṣa gbodo.

Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, wọ́n ti fà á jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ọ̀nà dá?" Mo ní ó dá.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá mi pè mí síwájú wọn. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún àwọn oníbàálù pé iṣu àwọn ni, kí wọ́n wá mú àwọn bí wọ́n bá fẹ́. Mo wọ bàtà, mo jáde, mo lọ jókòó sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí títí ẹsẹ̀ fi dá. Nígbà tí mo padà, mo sọ fún wọn pé mo ti sọ ọ́, pé ọ̀gá ní àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni, pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì ti forí jì wọ́n. Ìyá mi sunkún, wọ́n ṣàdúrà fún wọn. Nígbà tí iṣu náà gbẹ, wọ́n gún un, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n di èyí tó kúnná jù sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n gbé e fún ẹyẹ àwọn ní ọsibítù ní Ṣakí, kí n sì sọ fún un pé àwọn tọrọ àforíjì.

Ìdì èlùbọ́ yẹn wúwo lọ́wọ́ mi ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Mo bá ọmọ náà lórí ìdùbúlẹ̀, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá dúró sẹ́bàá ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Bí ọmọ náà ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Bàbá, Ìyá ńkọ́? Ṣé wọn ò ṣèṣe?"

Ọ̀gá gbójú sókè. Mo ní, "Ìyá wo?"

Ọmọ náà kàn ń wò mí. Ẹni tí wọ́n bá gbá létí kì í wo èèyàn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n gbá létí mọ̀ pé ọ̀tá ló gbá òun. Ọ̀gá wá tún bi í, ó ní ó ti di ìgbà kẹta, kí ló dé tó fi fò kọjá ìdajì títì kó tó bà, kí ló dé tí kò sì padà sókè nígbà tó rí i pé títì ti ń tán lọ. Ọmọ náà kọjú sí ògiri. Ó ní, "Àṣìṣe mi ni, Sà." Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbé èlùbọ́ sórí tábìlì, mo ní ìyá mi ní kí n kí i, mo sì jáde. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Orí ọmọ wọ́, mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ilé ẹ̀kọ́ náà ò padà wá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Koríko ti gba títì báyìí. Èyí tó wá ń pa mí lára jù ni Ìyá mi. Bí bàálù ńlá bá ń kọjá lókè réré lórí ìlú wa, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á ní, "Ẹyẹ mi, o kú iṣẹ́ o." Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì bi mí bóyá ó ti kọjá tán. Màá ní ó ti kọjá.

Ojú náà ló gbé wa dé ọsibítù ní Ìsẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí. A jókòó, à ń dúró kí wọ́n pè wá, ni obìnrin kan bá fa ọmọ ilé ìwé kan wọlé tí nǹkan kó sí lójú. Ó kí àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyá mi gbórí sókè kí èmi tó mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní, "Ẹyẹ mi kọ́ nìyẹn?"

Ó wá kúnlẹ̀ níwájú wọn. Àfi bí Ìyá mi náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n fi eékún wọn tó ń dùn wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Wọ́n ní, "O ṣeun tí o dárí jì mí. Ọmọ mi jíṣẹ́ fún mi, ó ní o ní kò sí nǹkan." Obìnrin náà ti ń gbé wọn dìde kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó wò mí láti orí èjìká wọn. Ó ní, "Ẹ dìde, Mà. Kò sí nǹkan lóòótọ́."

Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn tó máa bò mí láṣìírí.

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n bi í pé ṣé ó ṣì ń fò. Ó ní rárá, pé ìṣirò ni òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà tó wà lẹ́yìn ọsibítù níbẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé? Obìnrin náà tún yíjú sí mi, ó sì dúró. Ó fún mi láyè tó pọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, "Ìyá, ó dà bíi pé wọ́n ń pè yín."

Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n.

À ń padà lọ nínú ọkọ̀. A ti sún mọ́ Òtu kí Ìyá mi tó bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn tó kù nínú ọkọ̀ má bàa gbọ́, pé kí ni mo sọ fún àwọn oníbàálù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún wọn pé mi ò débẹ̀. Mo sọ ti àsíá. Mo sọ "Ìyá wo?" Wọn ò sunkún, wọn ò sì ṣépè. Wọ́n na ọwọ́ kan awakọ̀ léjìká. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dúró. Ẹni tó jókòó tì mí yìí gbàgbé nǹkan sí Ìsẹ́yìn."

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Mo bi wọ́n pé ta ló máa fà wọ́n lọ́wọ́ délé. Wọ́n ní ojú ló ń dun àwọn, pé ẹnu àwọn ò yadi, àwọn á béèrè ọ̀nà. Mo bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ sì lọ.

Ọ̀kadà ni mo gùn padà. Ilé ìwé ti ń jáde nígbà tí mo débẹ̀. Mo bá a nínú kíláàsì, òun nìkan, pẹ̀lú òkìtì ìwé àwọn ọmọ níwájú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ìyẹn kún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan iṣu tí mo ń ṣa nígbà tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ti iṣu tí mo ń ṣa yẹn nìkan ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá ni mo ṣe é fún, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin. Bí mo bá dárúkọ wọn, wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé. Mo rò pé ẹ̀yin máa fúnra yín wá lọ́jọ́ kejì. Mo retí yín títí wọ́n fi tú ọwọ́ mi."

Mo bi í bóyá ó pẹ́ jù. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ méjì láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀gá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń dá òun padà. Ó ní ọ̀gá ṣì wà láyé, òun mọ ibi tó wà. Ó ya ewé méjì láàrin ìwé kan, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú bírò. Mo bi í pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu."

Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, mo sì ń kọ ọ́. Òun ń máàkì iṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń máàkì, èyí tó kán lọ́jọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, títí mo fi parí.